Ta Ló Ṣe Fèrè Orí Afárá?

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ohùn Oyin kì í lè wọ ilé ìtajà kó sì jáde láìjẹ́ pé wọ́n dá a mọ̀. Kò ní tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ tí ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì yóò ti gbójú sókè. "Ẹ̀yin kọ́ yẹn? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ ní rédíò láàárọ̀ Sátidé!" Á rẹ́rìn-ín, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó máa ń dùn mọ́ ọn.

"Ẹni Iyì" ni wọ́n ń pe ètò tó ń ṣe. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń pe ẹnìkan tí ìlú ń yìn wá sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: olórin lọ́sẹ̀ yìí, agbábọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aláwàdà, òṣèré, ọlọ́jà ńlá. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga tí kò sì fẹ́ kó dà nù lójú ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ a máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n lè gbọ́ ọ dópin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ètò náà kì í tẹ́ lọ́rùn. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n yìí ní iléeṣẹ́ omi, Ẹnjiníà náà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é ládùúgbò. Kì í ṣe ẹni tó ń pa ẹnu mọ́ lórí ohun tó mọ̀ o. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìyá wọn lọ́sàn-án Sátidé láti jẹun, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tíì kan ṣíbí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò, olórin tó o pè lónìí yẹn, kí ló fi kọrin?"

"Ẹnu ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi."

"Ẹnu ẹ̀! Ṣé ẹnu ẹ̀ ni Màámi gbọ́ láti inú kíṣìnì níbí? Ẹnìkan jókòó, ó ronú, ó ṣe ẹ̀rọ tó gbé ohùn yẹn dé ibí. Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"O ò mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ lò ń gbẹ́nu lé e, o ò sì mọ ẹni tó ṣe é. Gbogbo ìlú yìí mọ iye bàtà tí agbábọ́ọ̀lù ní nílé. Ẹni tó ronú kan páìpù tí wọ́n fi ń wẹ̀ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni."

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ yìí," ni ìyá wọn á wí. "Ẹ fi rédíò sílẹ̀ kó sinmi."

Ohùn Oyin á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀rín náà tí kò fẹ́ máa wò lójú. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bí Ẹnjiníà bá tú aago bàbá wọn palẹ̀, bàbá wọn á pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Bí òun bá la ẹnu, wọ́n á ní, "Dákẹ́, ọmọ yìí, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ ronú." Ó dákẹ́ títí ètè fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Iléeṣẹ́ rédíò ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kó dákẹ́. Ibẹ̀ nìkan sì ni kò ti jẹ́ àbúrò Ẹnjiníà.

Lọ́dún kan, odò tó gba àárín ìlú kọjá kún, ó wọ ilé ìyá wọn, ó gbé ibùsùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò bàbá wọn. Ẹnjiníà dúró sínú ẹrẹ̀ láàárín yàrá, kò sọ nǹkan kan, ohun tí kò bá ìwà rẹ̀ mu rárá. Lọ́jọ́ kejì ló lọ sábẹ́ afárá, ó dúró, ó ń wo omi.

Ohun tó ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ó de páìpù gígùn kan mọ́ òpó afárá lóòró, omi odò ń wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó fi ike kan tó ń léfòó sínú páìpù náà. Bí odò bá ń kún, ike á máa gòkè. Bó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ká sá, á ti irin kékeré kan, irin á so wáyà pọ̀ mọ́ wáyà, fèrè ńlá tó wà lórí afárá á sì figbe ta. Ohun tó dà á láàmú jù ni ìgbì. Ìgbì á mi ike náà, fèrè á pariwo lásán. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò. Ó ti rò pé òun ti parí rẹ̀ nígbà tí fèrè ké lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará etí odò sá jáde tọmọtọmọ, wọ́n dé abẹ́ afárá, ọ̀pọ̀lọ́ kan ni wọ́n bá nínú páìpù. Wọ́n bú ẹni tó ṣe fèrè, wọ́n bú ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n padà sílé. Ẹnjiníà wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n ń bú u, ó ń wo ọ̀pọ̀lọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ iṣẹ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ yege. Lọ́jọ́ kejì ó fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù.

Bó pẹ́ bó yá, fèrè di ara àdúgbò. Àwọn kan ní káńsù ló gbé e síbẹ̀. Àwọn kan ní àjèjì kan ló wá ṣe é, ó ti lọ. Òótọ́ ni pé káńsù fi ẹnu lásán gbà fún Ẹnjiníà pé kó máa ṣe é, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbàgbé. Ìyá rẹ̀ mọ̀, Ohùn Oyin mọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n bá a gbé páìpù mọ̀. Ó tán.

Ọjọ́ tí fèrè náà ṣiṣẹ́ rẹ̀, oòrùn ń ràn ni. Òkè odò lọ́hùn-ún ni òjò ti rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílùú. Lójijì ni fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àǹtí Onídìrí, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ omi jù lọ, tó máa ń di irun Ohùn Oyin fúnra rẹ̀, yọ orí síta.

"Àbí ọ̀pọ̀lọ́ tún ti wọlé ni?"

Ó wo odò. Omi ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, odindi igi ń yí nínú rẹ̀. Ó pariwo, ó fa oníbàárà rẹ̀ dìde tòun ti kóòmù lórí, gbogbo àdúgbò sì tẹ̀ lé wọn gun òkè. Nígbà tí omi fi wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi adìẹ àti àga.

Agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Iná wá kí ìyá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé bàbá afọ́jú kan tó jẹ́ aládùúgbò ìyá náà pọ̀n sẹ́yìn, ó gbé e gun òkè. Ẹnìkan ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí fóònù tí fọ́tò náà kò sí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Ẹnjiníà wá sí iléeṣẹ́ rédíò. Ẹrẹ̀ wà lára sòkòtò rẹ̀, nítorí pé ó ti lọ yọ pàǹtí kúrò nínú páìpù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀, ó ń fi fìlà nu ojú.

"Àbúrò, ó ṣiṣẹ́."

"Mo gbọ́, Bọ̀dá mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú orí ire."

Ẹni tó lẹ́nu bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wá wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Mo kàn ní kí n bi ẹ́ ni. Ní Sátidé yìí... o ò rò pé ó yẹ kó o pè mí?"

"Ẹsẹ̀ Iná ni ọ̀gá ní ká pè. Ẹ mọ̀ pé òun ni gbogbo ayé ń béèrè lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá mi. Mo ṣèlérí."

"Kò burú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e," ni Ẹnjiníà wí, ó sì lọ.

Nígbà tó di Sátidé, Ẹsẹ̀ Iná jókòó sínú sítúdíò. Ọmọ dáadáa ni, kò gbéra ga. Ohùn Oyin pè é ní akọni, ó mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Bí fèrè yẹn ò bá ké, èmi gan-an ì bá ti bá omi lọ. Orí ibùsùn màmá àgbà ni mo sùn sí, mò ń hanrun. Ta ló tiẹ̀ ṣe fèrè yẹn? Mo fẹ́ kí i."

Lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀gá ń fọwọ́ sọ pé àkókò ń lọ. Ohùn Oyin mọ ìdáhùn náà bó ṣe mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó rò ó pé wọ́n á ní ọmọ ìyá òun lòun ń polówó. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ, ìyẹn ló sì dì í lẹ́nu. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń jáde, tó dùn, tó ń ṣàn:

"Iṣẹ́ àwọn aláṣẹ wa ni o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ẹnjiníà kò sí nídìí oúnjẹ. Ìyá wọn ń nu àwo kan tí kò dọ̀tí.

"Ó gbọ́ ọ," ni ìyá wí. "Ó jókòó síbí yìí, ó gbé rédíò sórí itan. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn béèrè ẹni tó ṣe é, ó tún ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ ṣe, àfi bíi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ń rí i. O wá dáhùn. Ó pa rédíò, ó lóun fẹ́ lọ fọwọ́. Kò tíì padà wá."

"Màámi, àkókò ni kò sí."

"Mo gbọ́," ni ìyá wọn wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ohùn Oyin ní òun á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ náà, aláwàdà kan tí wọ́n ti ń wá tipẹ́ ní òun ráyè. Lẹ́yìn ìyẹn, olórin kan gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun jáde. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gun orí ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣòroó dá sílẹ̀. Ẹnjiníà kò sì béèrè mọ́. Ó padà sídìí oúnjẹ Sátidé, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kò bá olórin kankan jà mọ́. Ohùn Oyin, tí àríyànjiyàn yẹn ti ń sú tẹ́lẹ̀, wá rí i pé òun ń dúró dè é, òun ń fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ omi ń wá ẹni tí yóò lọ máa bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi nílùú kékeré kan tó jìnnà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ẹnjiníà ní òun á lọ. Ó dúró lọ́dọ̀ akọ̀wé kan ní káńsù, ó ní, "Ẹ máa bá mi yọ pàǹtí inú páìpù abẹ́ afárá o." Akọ̀wé ní, "A ti gbọ́, sà," ó ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Níbùdókọ̀, Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ó dàbọ̀ o, Ohùn Oyin."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ tí gbogbo ayé ń fi yìn ín, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ nílùú, kí wọ́n kun afárá ní ọ̀dà. Àwọn akunlé gun òpó. Wọ́n bá páìpù tó ti dípẹtà àti wáyà tó fà kalẹ̀. Wọ́n gé wáyà, wọ́n yọ páìpù, wọ́n kun òpó náà ní funfun. Ó dán. Àwọn ènìyàn kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ní ó dára. Fèrè ṣì wà lókè níbẹ̀, ọ̀dà ti bo ẹnu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé kò so mọ́ nǹkan kan mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí omi tún dé, Àǹtí Onídìrí ń di irun arábìnrin kan, ó ti parí ẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò rẹ̀ kan pariwo láti ìta pé àwọ̀ odò ti yí padà.

"Fèrè ò tíì ké," ni Àǹtí Onídìrí dáhùn. "Bó bá ké, a ó lọ. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀gbẹ́ kejì yìí."

Omi wọlé láti ẹ̀yìn. Àǹtí Onídìrí ti oníbàárà rẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, ògiri ìsọ̀ ya lulẹ̀, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ni wọ́n fà á jáde.

Ohùn Oyin ra ọsàn, ó lọ kí i ní ọsibítù. Wọ́n ti fi nǹkan funfun di ẹsẹ̀ náà gbagidi láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Yàrá kún fún àwọn aláìsàn, ooru mú.

"Mò ń dúró kó ké ni," ni Àǹtí Onídìrí ń wí, ó ń wo àjà. "Gbogbo wọn ní kí n máa bọ̀. Mo ní kò tíì ké. Ohun tó ti gbà mí nígbà kan, kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́?" Ó yíjú sí i. "Wọ́n ní àwọn akunlé ló gé e. Ìwọ tó o máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan, kí ló dé tí wọ́n fi gé e? Àbí kò lẹ́ni ni?"

Ohùn Oyin bó ọsàn kan. Ó bó òmíràn. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, omi ọsàn ń ta á lójú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ló lọ bá olórí àwọn akunlé náà ní ìsọ̀ rẹ̀. Àgò ọ̀dà yí ọkùnrin náà ká, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ohùn Oyin rò pé òun á bínú sí i. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀ pé òun á rí ẹni bínú sí.

"Mo béèrè o, Àǹtí," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má rò pé mi ò béèrè. Mo lọ bá àwọn ará káńsù, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa páìpù. Èmi sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín ní rédíò, létí èmi báyìí, pé iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ni. Mo wá ní, bí àwọn tó ṣe é bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé ó ti di àlòkù. Bí mo bá mọ̀ pé ẹnìkan báyìí ló ni í, ǹ bá ti rìn dé ilé ẹ̀. Ǹ bá ti kun yí i ká." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Mo ti lọ kí obìnrin yẹn. Mi ò lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti padà."

Ohùn Oyin kí i pé ó ṣé. Nígbà tó dé títì, kò mọ ibi tó ń lọ. Gbólóhùn kan péré ni. Ó ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ láyé rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ tí wọn kò padà wá bi í ní ìbéèrè.

Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sílùú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ó bá a nínú ilé ẹ̀rọ, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Ó gbọ́ ìró bàtà, ó yọ orí.

"Màámi ti pè mí," ló wí, kò kí i. "Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àbí ọ̀kan?"

"Ọ̀kan ni. Dókítà ní á rìn, àmọ́ kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ. Ohùn Oyin kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo sọ fún Màámi pé àkókò ni. Kì í ṣe àkókò. Mi ò fẹ́ tún di àbúrò Ẹnjiníà níbẹ̀ yẹn ni. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rọ ń ké wìn-ìn-ìn lẹ́yìn wọn.

"Dìde. Epo wà nílẹ̀ yẹn." Nígbà tó dìde, Ẹnjiníà ní, "Mo bínú sí ẹ. Mo ṣì ń bínú, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kì í ṣe tìẹ nìkan. Mo mọ̀ pé akọ̀wé yẹn ò ní yọ pàǹtí kankan. Ó yẹ kí n kọ́ ẹnìkan létí odò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ẹnìkan péré. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n rí bó ṣe máa rí tí mi ò bá sí níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, epo sì dúró síbẹ̀. "Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mò ń wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n wá mi."

Ó wá béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ibi tí wọ́n ti gé wáyà, bóyá lókè ni tàbí nísàlẹ̀. Kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú u fún ìyẹn, ìbú náà sì tu Ohùn Oyin lára ju ohunkóhun tó ti gbọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúrò nílé lọ.

Ẹnjiníà gba ìsinmi, ó bá a padà wálé. Àwọn akunlé yẹn ló wá bá a gun òpó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ó jókòó sínú sítúdíò pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ohùn Oyin kọ́kọ́ sọ fún ìlú pé irọ́ lòun pa fún wọn lọ́jọ́ yẹn, pé òun mọ ẹni tó ṣe fèrè, òun ò sì sọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ yìí da oúnjẹ Sátidé rú títí, iná pupa tàn níwájú rẹ̀, ó yadi. Nígbà tó wá rí ohùn, ọwọ́ ló fi ń ṣàlàyé. "Omi á wọlé báyìí," ló ń wí, ó ń na ìka, "ike á wá lọ báyìí." Ohùn Oyin ní láti máa sọ fún àwọn tó wà nílé ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní, "Àǹtí, ẹ kúkú sọ pé ẹ̀gbọ́n yín lẹ fẹ́ gbé lárugẹ." Ẹnì kejì ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa pe Ẹsẹ̀ Iná padà. Ẹ̀kẹta ni ìyá kan láti etí odò. "Ẹ bá mi bi wọ́n, ọ̀pọ̀lọ́ ọjọ́sí ńkọ́?" Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé táì, ó gbàgbé iná pupa, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀pọ̀lọ́. Kò tíì parí rẹ̀ nígbà tí àkókò tán. Inú ọ̀gá kò dùn sí i. Láìpẹ́ wọ́n gbé ètò náà kúrò ní àárọ̀ sí ọ̀sán, nítorí Ohùn Oyin ní òun á máa pe àwọn tó ń ṣe nǹkan, bíi obìnrin tó ṣe ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀pà àti ọkùnrin tó tún àga arọ ṣe kó lè gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kò sí rédíò ní wọ́ọ̀dù tí Àǹtí Onídìrí wà. Ohùn Oyin tún ra ọsàn, ó lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, láìyọ nǹkan kan sílẹ̀.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. "O mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"O mọ̀ ọ́n, o sì ní àwọn aláṣẹ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Máa lọ sílé. Kó ọsàn ẹ dání."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, Ẹnjiníà ló ránṣẹ́ sí, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ pàǹtí náà, òun ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnjiníà ṣe ọ̀pá gígùn kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu fún un, kó lè máa dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ fà á jáde, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dán fèrè wò. Àǹtí Onídìrí ń dán an wò ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn aládùúgbò ń bẹ̀ ẹ́ pé etí àwọn ti fẹ́ di, ó ní kí wọ́n lọ ra òwú. Ẹnjiníà padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù nísinsìnyí, ó sì tún ti ń bá a jà nípa àwọn tó ń pè sórí ètò.

Lọ́jọ́ tí Ohùn Oyin kì í lọ síbi iṣẹ́, ìsọ̀ Àǹtí Onídìrí ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kó wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá irun ilẹ̀, obìnrin náà sì wò ó títí, ó ní, "Gbá abẹ́ àga yẹn dáadáa." Láti ìgbà náà ló ti ń wá, ó ń gbálẹ̀, ó ń gbé omi kaná. Kò béèrè bóyá ó ti dárí ji òun. Obìnrin náà kò sì sọ. Bí ó bá ń rìn láti ibi dígí lọ síbi omi, tí ẹsẹ̀ yẹn ń fà nílẹ̀, Ohùn Oyin á wo ibòmíràn, lẹ́yìn náà á tún fipá wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan wá di irun, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Àǹtí Onídìrí fi ọwọ́ kan di àga mú kó má baà ṣubú, ó pòṣé.

"Ìwọ, wá síbí. Bá mi di orí ẹ̀ mú."

Ohùn Oyin gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì di orí ọmọ náà mú títí irun fi parí.